Ọmọ Wa Ń Lọ sí Ilé-Ìwé Gírámà: Kí Ló Wà Nínú Àpótí Rẹ̀?

Bí oṣù keje bá ti ń parí lọ ni a máa ń rí wọn níwájú káńtà ilé oògùn: ìyá kan, tàbí bàbá kan tí ìyàwó rán, tí ó mú ìwé tí ilé-ìwé fún wọn dání, tí ó ní kí a bá òun kó gbogbo oògùn tí ọmọ máa lò fún táàmù kan. Paracetamol, oògùn ibà, oògùn aràn, oògùn ikọ́, oògùn inú rírun. Àwọn mìíràn á ní kí a fi Amoxicillin àti Flagyl sí i, nítorí a kì í mọ̀. Bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ wa, wọ́n á yà lọ́jà ra hóró káńfọ̀ àti ìgò ọ̀tápíápíá kan nítorí ìdun. Gbogbo rẹ̀ á wọ inú àpótí pẹ̀lú gààrí, ṣúgà àti mílíìkì, ọkàn òbí á sì balẹ̀ pé ètò ti parí.

Ọmọ tí wọ́n ń di ẹrù yìí fún kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti Praimárì 5 ni wọ́n ti fò wọ́n wá sí JSS1. Àwa kò fara mọ́ fífò yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tó kàn wá lónìí ni pé ọmọ tí a kó oògùn oríṣìí méje fún, tí a kò sì kọ́ ọ bí a ti ń lo ẹyọ kan nínú wọn, ewu ni a dì lẹ́rù fún un. Ohun tó yẹ kí ọmọ gbé wọ ilé-ìwé gírámà jù lọ ni ìmọ̀ nípa ara rẹ̀, àti ẹnu tó lè fi sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá ń ṣe é. Láti ìsinsìnyí di oṣù kẹsàn-án, àyè ṣì wà láti fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká tú àpótí náà wò

Ẹ jẹ́ ká mú Paracetamol ṣáájú, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn rò pé kò léwu. Hóró kan tí a ń tà jẹ́ mílígíráàmù 500. Ọmọ ọdún 10 tàbí 11 kò gbọdọ̀ lò ju hóró kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wákàtí mẹ́rin, ó kéré tán, wà láàárín èyí tó lò àti òmíràn. Wákàtí mẹ́fà tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣì í lò nìyí: orí fọ́ ọ, ó lo méjì, kò tíì tó wákàtí kan tó fi ní kò ṣiṣẹ́, ó tún lo méjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn, ó gbé ìyẹn náà mì, kò sì mọ̀ pé Paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn. Ẹ̀dọ̀ ni Paracetamol tó pọ̀ jù ń bà jẹ́, kì í sì í hàn lọ́jọ́ kìíní. Ọmọ náà lè máa rìn, kó máa ṣeré, nígbà tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ọmọ ti lo àlòjù, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. A kì í dúró wò ó.

Oògùn ibà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òbí ló fẹ́ràn páálí oníhóró mẹ́fà ti Artemether-Lumefantrine, èyí tí wọ́n kọ 80/480 sí lára, nítorí hóró kan péré ni ènìyàn ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Oògùn tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọn kílò 35 sókè ló wà fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ JSS1 kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 25 sí 34, hóró mẹ́ta nínú oníhóró kékeré, ìyẹn 20/120, ni tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Oúnjẹ tí ọ̀rá díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni a fi ń lò ó, bí mílíìkì tàbí ẹ̀wà tí a fi epo sè, kí ara lè gbà á dáadáa. Ìwọ̀n ara ni a fi ń mọ iye tí ọmọ máa lò. Kíláàsì tó wà kò kan oògùn.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Àyẹ̀wò kan wà tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé bóyá wọ́n ní in ní kíníìkì wọn. Bí wọ́n bá ní in, kò sí ìdí tí oògùn ibà fi máa wà lọ́wọ́ ọmọ rárá.

Amoxicillin àti Flagyl, ẹ yọ wọ́n kúrò. Oògùn tí dókítà kò tíì mọ àìsàn tó fẹ́ fi wò kò ní iṣẹ́ nínú àpótí ọmọdé.

Ó ku hóró káńfọ̀, àwọn funfun róbótó tí ń rùn tí a ń kó sáàárín aṣọ nítorí aáyán. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà, kẹ́míkà tó ń jẹ́ naphthalene ni. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti ìgbà ìbí. Kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń bá jù. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń wọ aṣọ tí òórùn káńfọ̀ ti mu, tàbí tó gbé hóró kan mì nítorí pé ó jọ súìtì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nínú ara. Ẹyinjú rẹ̀ á ní àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi kóòkì, àárẹ̀ á sì mú un gidigidi. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ bóyá ọmọ wọn wà lára àwọn wọ̀nyí. Aṣọ tí a sá gbẹ dáadáa, tí a ká sínú àpótí tó mọ́, kò nílò káńfọ̀.

Ọ̀tápíápíá kò gbọdọ̀ dé họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́nàkọnà. DDVP tó wà nínú rẹ̀, májèlé tó lè pa àgbàlagbà ni, ìgò rẹ̀ kékeré sì jọ ìgò oògùn ikọ́ lójú ọmọ tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí i níbi tí wọ́n ti ń tà á, títà náà kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Oòrùn ni oògùn ìdun tí àwa mọ̀ fún ọmọdé: kí ilé-ìwé máa kó fóòmù síta, kí wọ́n sì da omi gbígbóná sí ojú irin bẹ́ẹ̀dì.

Oògùn tó bá wá kù, ọ̀dọ̀ mátíróònù ni kó wà, nínú ọ̀rá kan tí orúkọ ọmọ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú iye tó ń lò àti ìgbà tó ń lò ó. Ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀ láti ilé kò nílò oògùn nínú báàgì, àfi àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí.

Ìwé ojú kan

Kí ọmọ tó wọlé, ẹ kọ ìwé ojú kan ṣoṣo. Ẹ kọ jẹ́nótáìpù ọmọ sí i, àìsàn tó ní, oògùn tó ń lò lójoojúmọ́, oògùn tàbí oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀, àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn méjì tó máa gbé e lóru. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta: ti olùkọ́ kíláàsì, ti mátíróònù, àti ti olùkọ́ tó ń mú wọn ṣe eré ìdárayá. Ẹ̀kẹta yìí ni òbí máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ní kí ọmọ sáré yípo pápá ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.

Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó tó ẹnì kan tó jẹ́ AS. Nítorí náà, kò sí ilé-ìwé tí a kò ti lè rí ọmọ SS. Àwọn àgbà ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe àìsàn yìí, tí ikú wà nínú rẹ̀. A kò ní kọ ọ́ síbí, a kò sì fẹ́ kí ọmọ kankan máa gbọ́ ọ. Ọmọ SS lè ka ìwé dé ibi tó bá wù ú bí àwọn tó yí i ká bá mọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Lójoojúmọ́ ni kó máa lo Folic Acid rẹ̀ àti Proguanil tí dókítà kọ fún un. Kó máa mu omi dáadáa. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó fi omi tútù wẹ̀ ní ìdájí ọyẹ́, kí wọ́n má sì ṣe fi ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn jẹ ẹ́ níyà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ìrora mú un, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ pàápàá kì í mọ̀. Kíndìnrín ọmọ SS kì í lè fa omi padà sára bíi ti àwọn ẹlòmíràn, nítorí náà ìtọ̀ máa ń gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè, ó sì lè tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáwọ́. Ọmọ tí wọ́n bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí máa bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi mímu. Àìmumi yẹn gan-an ló sì ń mú ìrora wá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà kedere pé bí ọmọ yìí bá nawọ́ pé òun fẹ́ jáde, kí wọ́n jẹ́ kó jáde.

Ọmọ tó ní àsímà, tí a tún ń pè ní ikọ́ fée, ínhélà aláwọ̀ búlúù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò rẹ̀ tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Òun nìkan la yọ sílẹ̀ nínú ohun tí a sọ nípa mátíróònù. Ínhélà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì ti sùn, kò sàn ju kò sí lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lò ó lójú yín nílé: kó gbọ̀n ọ́n, kó mí síta, kó fi ẹnu bò ó, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kó sì dá èémí dúró títí dé oókan sí ẹ̀wá. Ọ̀pọ̀ tó ti ń lò ó láti ọdún méjì kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ ìgbálẹ̀ kíláàsì fún un, nítorí eruku.

Omi àti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀

Ẹ bi ọmọ yín tó ti wà ní ilé-ìwé gírámà léèrè ní ìrọ̀lẹ́ yìí: ìgbà mélòó lo tọ̀ lónìí? Ẹ má jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ yà yín lẹ́nu. Àwọn ọmọ wà, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n ń kúrò nílé láago mẹ́fà ààbọ̀, tí wọ́n ń padà dé láago mẹ́rin, tí wọn kò tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ dọ̀tí, kò ní ìlẹ̀kùn, tàbí kò sí omi. Kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n, wọn kì í mu omi. Bí wọ́n bá dé, orí á máa fọ́ wọn, òbí á sì fún wọn ní Paracetamol. Oògùn orí fífọ́ yẹn wà nínú kúláà omi tó kún dé ọ̀sán.

Ti ọmọ Mùsùlùmí tún ní ohun tó wọ̀ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìtọ̀ ta sí òun láṣọ, ó sì mọ̀ pé ìrun àìlà ń bọ̀ nílé-ìwé. Bí kò bá rí omi fọ ara, ó sàn fún un lójú ara rẹ̀ kó pa ìtọ̀ mọ́ra kí àlùwàlá rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ìtọ̀ tí a ń pa mọ́ra lójoojúmọ́ a máa jẹ́ kí kòkòrò ráyè nínú àpò ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá ń ta ọmọ, tó ń gbọ̀n ọ́n ṣáá tí kò sì rí nǹkan tọ̀, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìtọ̀.

A kò lè mú bùtá wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n a lè ra ìgò kékeré tó ṣeé pọn omi sí, tí a da ihò mẹ́ta mẹ́rin lu ní ìdérí. Kí ó yàtọ̀ pátápátá sí ìgò omi mímu, ní àwọ̀ àti ní ibi tó ń wà nínú báàgì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé tó wọlé, ìgò yìí nìkan ni kí ọmọ máa lò nílé. Kó mọ bí a ti ń lóṣòó láì fara kan ohunkóhun. Kó mọ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì fọ ara. Kí ọmọbìnrin mọ̀ pé láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni, kì í ṣe láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, nítorí kòkòrò inú ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ dé ojú ìtọ̀. Kó fi aṣọ kékeré tàbí tíṣù nu ara gbẹ. Kó ní ọṣẹ kékeré nínú ike. Àlùwàlá ń fọ ọwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi lásán ni. Ẹni tó ń ti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó débi àlùwàlá.

Ẹ̀yin òbí náà ní iṣẹ́ níbí. Bí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, wọ́n á mú yín lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ ṣáájú, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí ṣalángá tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè lóṣòó sí, ẹ ti rí ohun tí ọmọ yín máa sá fún lójoojúmọ́. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni ẹ ti máa sọ ọ́, kí ẹ tó débi ọ̀rọ̀ aṣọ ayẹyẹ ìparí ọdún.

Fún àwọn tó ń lọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Kànrìnkàn, táwẹ́ẹ̀lì, búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ fífá, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni pín wọn. Làpálàpá àti ara yíyún kì í béèrè ọmọ ta ni kó tó ràn. Pátá, inú oòrùn ni kó ti gbẹ, kì í ṣe lórí irin bẹ́ẹ̀dì.

Ara tó ń dàgbà

Láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní gírámà ni nǹkan oṣù máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin. Àwọn kan ti rí i ṣáájú. Ọmọ tí a kò sọ fún, ó máa rò pé òun ti ṣèṣe ni. Ẹ sọ fún un nísinsìnyí. Kí páàdì méjì, pátá kan àti ọ̀rá dúdú kan wà ní ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kó mọ̀ pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà la ń pààrọ̀ páàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kún. Kó mọ̀ pé kò ní kírun ní àwọn ọjọ́ náà, pé kò ní san án padà, pé ààwẹ̀ nìkan ló máa san, àti bí a ti ń wẹ̀ ìwẹ̀ ìmọ́ nígbà tó bá dá. Bàbá tó dá tọ́ ọmọbìnrin lè sọ gbogbo èyí láì tijú. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó wá ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kan tó ṣeé finú tán kí oṣù kẹsàn-án tó dé.

Ọmọkùnrin la máa ń gbàgbé. A ti rí i níwájú káńtà wa, ọmọkùnrin tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè oògùn fún àrùn tí kì í ṣe àrùn. Ó jí, ó bá aṣọ rẹ̀ tó tutù, kò mọ̀ pé ìdàgbàsókè ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé àtọ̀sí ni, wọ́n sì ti júwe kápúsù fún un. Kí bàbá pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kó sọ fún un pé ọmọkùnrin tó ń bàlágà ló ń rí bẹ́ẹ̀, pé kò sí oògùn tó nílò, pé ìwẹ̀ jánábà ló kàn án, kó sì fi bí omi ṣe máa kan gbogbo ara hàn án. Irun abíyá àti ti abẹ́, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ogójì ọjọ́ láì fá a, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abẹ tirẹ̀.

A fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kan kún un níbí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ń dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara tẹ̀lé wọn ní 2024. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n ti bi wá nínú mọ́sálásí pé ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń mú kí ọmọ má bímọ. Rárá o. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ọmọ bíbí. Jẹjẹrẹ tó ń dènà gan-an ló ń gba ilé-ọmọ lọ́wọ́ obìnrin, tó sì ń gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀. Ọjọ́ orí tí ọmọ ń wọ JSS1 ni àsìkò rẹ̀.

Ẹnu tó lè sọ ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí a ní láti sọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibi tí aṣọ bò lára òun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má sì ní kí òun fọwọ́ kan tiwọn. Kì í ṣe sínọ̀, kì í ṣe olùkọ́, kì í ṣe dírẹ́bà, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá. A kò yọ áfáà ilé-kéwú sílẹ̀. Àwọn kan lára wa kò fẹ́ ká kọ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn mọ́sálásí, àmọ́ ọmọ tí a bá sọ fún pé áfáà kò lè ṣe àṣìṣe, a ti dí i lẹ́nu kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀.

Kìlọ̀-kìlọ̀ lásán kò tó. Ẹ bá a dán an wò, bí ẹ ti ń gbọ́ ọ ní ìṣirò:

“Ọmọ mi, bí sínọ̀ kan bá ní kí o wá bá òun ní yàrá òun lẹ́yìn prẹ́ẹ̀pù ńkọ́?”

“Mi ò ní lọ, Màmi.”

“Tó bá ní òun máa nà ẹ́ ńkọ́?”

Ibí ni ọmọ á ti dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn la ń wá, nítorí ibẹ̀ ló ti yẹ kí ẹ fún un ní ọ̀rọ̀:

“Bó bá ní òun máa nà ẹ́, lọ bá mátíróònù. Bí o kò bá rí i, dúró sáàárín èrò. Èmi ni mo ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ nípa rẹ, ìwọ ni màá kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.”

Ìlérí ìkẹyìn yẹn, ẹ mú un ṣẹ. Ọmọ tó bá sọ pé wọ́n gba mílíìkì òun, tí a dá a lóhùn pé òun ló yẹ kó máa tọ́jú nǹkan rẹ̀, kò ní padà wá sọ èyí tó tóbi ju mílíìkì lọ. Kó sì mọ nọ́ńbà yín méjèèjì sórí, láì wo ìwé.

Bí ohun tí a kò gbàdúrà fún bá ṣẹlẹ̀, kí ọmọ má wẹ̀, kí a má fọ aṣọ tó wọ̀. Inú àpò bébà ni kí aṣọ náà wà, kì í ṣe ọ̀rá. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV wà, ṣùgbọ́n kí wákàtí 72 tó pé la gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ti yá tó ló ti dára tó. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2013. Ìpàdé ẹbí tí wọ́n fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ lè dúró. Wákàtí 72 kò ní dúró.

Ẹ̀kọ́ kan náà, pé kí ọmọ lè sọ pé rárá, kan ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Ní ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tí codeine wà nínú rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pò mọ́ nǹkan mímu dídùn kò tíì tán nígboro, bẹ́ẹ̀ ni tramadol. Òfin tí a fún àwọn ọmọ tiwa kúrú: oògùn tí kò ti ọwọ́ òbí, nọ́ọ̀sì tàbí mátíróònù wá, a kì í gbé e mì, bí ẹni tó mú un wá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ tí a jọ ń kírun. Ìgò ohun mímu tí ẹlòmíràn ti ṣí, a kì í mu ún.

Ní ti ọ̀nà, ẹ bá ọmọ rin ọ̀nà ilé-ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ, ní àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní àkókò tí wọ́n ń jáde lẹ́ẹ̀kan, nítorí ojú títì kì í rí bákan náà. Kó mọ ṣọ́ọ̀bù kan tó lè sá wọ̀. Kó mọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí a kì í san owó lé lórí. Ọ̀kadà tó gbé ọmọ mẹ́ta, kó jẹ́ kó kọjá.

Ní gbogbo Jímọ̀ mẹ́rin tó wà nínú oṣù kẹjọ, àwa ìgbìmọ̀ ìlera máa gbé ìwọ̀n kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi àlùwàlá lẹ́yìn ìrun. Ẹ mú ọmọ yín wá, àti oògùn tí ẹ ti rà fún un, kí a bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ jẹ́nótáìpù ọmọ rẹ̀, kó ti ṣe é ní yàrá àyẹ̀wò kó tó wá. A máa ní fọ́ọ̀mù ìwé ojú kan náà lọ́wọ́, ẹ̀dà mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ kó tó gun orí ìwọ̀n.